Ẹ̀jẹ̀ Ọmú Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Tí Ẹ Ń Wí

Mo kí Ọ kú iṣẹ́, Bàbá mi tí ń bẹ lókè. Mo kí Ọ kú iṣẹ́ ìdáǹdè, mo sì tún kí Ọ kú ìfaradà gbogbo wa. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí mo bá dúpẹ́ tán, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi, méjèèjì ló jọ wà nínú mi láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í fi inú pamọ́. Ẹ̀yin àlejò tó wá láti Savalou, èmi ni Ìyá Noélì, aránṣọ ẹ̀bá ọjà Bantè níbí. Ọ̀pọ̀ nínú sùtánà funfun tí ẹ ń wò lára àwọn ará yìí, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ẹni tó bá ní sùtánà òun ti fún jù, kó má wò mí, oúnjẹ ló ń jẹ.

Inú balùwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń wẹ̀, mò ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ara, ọwọ́ mi bá kan nǹkan nínú ọmú òsì, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀. Ó le, ó tó kóró kajú. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sórí àpótí, ọṣẹ ń gbẹ sí mi lára. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ará! Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Savalou, àìsàn ọmú ló pa á. Ó fi pamọ́ fún gbogbo wa títí ó fi di egbò. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn lórí àpótí yẹn nìyẹn: ṣé bí èmi náà ṣe máa lọ rè é?

Mo sọ fún ọkọ mi. Háà! Ènìyàn rere ni Baba Noélì, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, àmọ́ wọn kò lè pa ẹnu mọ́. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Lougba. Ẹ̀gbọ́n wọn sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣa kajú. Kó tó di ọjọ́ ọjà, gbogbo Bantè ti ń wo àyà mi. Ẹni tó wá gba aṣọ, àyà mi ló ń wò. Ẹni tó wá ra òwú, àyà mi ló ń wò. Ọkùnrin kan wá rán ṣòkòtò, òun náà tẹjú mọ́ ọn. Mo ní, “Ọ̀gá, ìbàdí yín ni mo fẹ́ wọ̀n, ẹ gbé ojú yín kúrò níbí.”

Ìmọ̀ràn wá ń wọlé. Èyí ní kí n fi omi gbígbóná jó o. Èyí ní kí n po òrí mọ́ iyọ̀ kí n fi pa á. Èyí ní wàrà ọmọ tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ló dì. Wàrà wo? Noélì ti ń fá irùngbọ̀n! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gun sémì wá láti Lougba, wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù náà tí wọ́n ti ń kígbe: “Ìyàwó, má jẹ́ kí irin kàn án o! Irin ló máa ń bí i nínú. Bí irin bá ti kàn án, ó máa tàn ká gbogbo ara ni!” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín?” Wọ́n ní gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wá ń bi gbogbo ayé léèrè. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rí orúkọ dá. Ọ̀rẹ́ mi tó kú yẹn, irin kankan kò kàn án. Òrí ni wọ́n fi ń pa á.

Kí n má parọ́, inú ìjọ yìí ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀. Baba Olùṣọ́ gbàdúrà sí mi lórí, wọ́n sì ní, “Ìyá Noélì, ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹni tó dá ọmú ló dá dókítà.” Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn Bantè yẹ̀ mí wò, ó ní kí n máa lọ sí Savalou. Mo lọ.

Ní Savalou, dókítà da nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ sí mi láyà, ó ń fi ẹ̀rọ kan rìn lórí rẹ̀, ó ń wo àwòrán nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ó wò, ó wò. Mo ní, “Dókítà, ṣé jẹjẹrẹ ni?” Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní, “Ẹ tún un wò.” Ó ní, “Màmá, ojú kò lè mọ̀ ọ́n, àwòrán yìí náà kò lè mọ̀ ọ́n. Àfi kí a mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Cotonou. Bíọ́psì là ń pè é.” Inú bí mi burúkú. Gbogbo ìwé tó kà yẹn! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sí Lougba, wọ́n mọ̀ ọ́n. Dókítà fọwọ́ kan án, ó ní òun kò mọ̀. Mo kùn títí mo fi délé. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀ ni mo tó rò ó pé nínú gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀ sí ọmú yìí, dókítà yẹn nìkan ló jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀. Mo ní òun náà ni n ó gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi. Mo ti rò pé wọ́n máa gé ọmú mi sínú abọ́ ni. Mo ti dágbére fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo da aṣọ bò ó bí ẹni tó ń bo òkú.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí, ọmọ Mahi ni, ó ń sọ Faransé, ó ń fi Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò há a láàárín. Ó ní, “Màmá, ẹ bọ́ tòkè, ẹ fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀.” Mo dùbúlẹ̀. Wọ́n fi oògùn tútù nu ibẹ̀. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó ń mú kí ibẹ̀ kú. Ìyẹn ta mí! Inú ilé Ọlọ́run ni mo wà, n kò ní purọ́, ó ta mí bí agbọ́n, mo sì pe Jésù. Nọ́ọ̀sì ní, “Ó parí, èyí tó ń dunni ti lọ.” Mo rò pé irọ́ tí wọ́n máa ń pa fún gbogbo ènìyàn ni. Àṣé òótọ́ ni. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi kú bíi pé kì í ṣe ara mi.

Wọ́n la awọ ara díẹ̀, kò ju ojú ihò bọ́tìnnì lọ. Wọ́n wá gbé abẹ́rẹ́ kan jáde, èmi tí mò ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, n kò rí irú rẹ̀ rí. Dókítà ní, “Ó máa dún o, ẹ má mira.” Ó dún tá! bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kan ìwé mọ́ra ní ọ́fíìsì. Mo fò. Ó ní, “Màmá, mo ní ẹ má mira.” Mo ní, “Ẹ̀yin náà ẹ wá dùbúlẹ̀, kí n wá mú un dún sí yín láyà.” Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi kẹ̀yìn sí wa. Ó tún dún, ó tún dún. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tì mí, wọ́n ń fà mí, àmọ́ kò dùn mí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n mú hàn mí. Wọ́n gbé ìgò kékeré kan wá, omi wà nínú rẹ̀, ìrépé nǹkan wà nínú omi náà bí ìrépé òwú tí mo máa ń gbá dànù nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, “Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?” Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ o! Nítorí ìrépé òwú ni gbogbo Lougba ṣe ń sunkún mi!

Nọ́ọ̀sì wá fi ọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ó lẹ báńdéèjì mọ́ ọn. Ó ní kí n wọ kọ́mú tó dì mí mú dáadáa, kódà tí mo bá fẹ́ sùn. Kí n fi aṣọ wé yìnyín kí n máa gbé e lé e. Kí omi má kàn án lónìí. Kí n má gbé ẹrù tó wúwo, kí n má gún nǹkan nínú odó. Bí ó bá ń dùn mí, kí n lo parasẹtamọ́ọ̀lù, kí n má ra asipírìnì, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ó ní ibẹ̀ lè dúdú, kó tún pọ́n bí òdòdó, kí n má bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè kan báńdéèjì. Àmọ́ bí ó bá wú, tó gbóná, tó ṣe ọyún, bí ibà bá mú mi tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, kí n padà wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ sọ fún òun bí ọmọ ilé-ìwé. Mo tún un sọ.

Mo délé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbé omi kaná, wọ́n fẹ́ jó o. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, omi kò gbọdọ̀ kàn án.” Wọ́n bínú gbé omi kúrò. Àwọn àlejò tó wá kí mi ti kún ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, “Iyán wọn ńkọ́?” Iyán! Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lọ́mú ni ẹ tún ní kó lọ gún iyán! Mo ní nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ gbé ọmọ odó. Wọ́n ní ṣé nọ́ọ̀sì ló fẹ́ mi ni? Baba Noélì ló dìde, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n gún un. Ọlọ́run bùkún fún wọn. Iyán náà le bí òkúta, kò sí àlejò tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Mo wá ń retí Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀rù ohun tí Cotonou máa sọ ń bà mí, mo ní bí mo bá sáà ti wọ ilé àdúrà, tí mo wólẹ̀, ọkàn mi yóò fara balẹ̀. Mo wọ sùtánà tuntun tí mo rán fúnra mi, mo gun sémì. Gbogbo gegele ọ̀nà wa yìí, alùpùpù náà kò fo ẹyọ kan. Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ bàtà, Ìyá Ìjọ dúró síbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń dúró. Wọ́n ní, “Ìyá Noélì, ẹ dúró. Ẹ̀jẹ̀.” Mo wo àyà mi. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ju kóró tòmátì lọ ti jáde sí sùtánà.

Gbogbo wa la mọ òfin wa. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà títí yóò fi mọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge ni mo ti ń pa á mọ́, n kò bá òfin jà. Àmọ́ àyà mi ni ẹ̀jẹ̀ yìí wà! Mo ní, “Ìyá Ìjọ, ọmú ni. Ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún mi ni.” Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ obìnrin ni. Mo ní, “Ọjọ́ tí baba akọrin fi àdá ṣá ẹsẹ̀ lóko, ṣebí ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ náà ni wọ́n gbé wọlé, ẹ sì gbé àga fún wọn?” Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin nìyẹn. Mo ní, “Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ṣe jẹ́, wàrà ni?” Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n wọlé lọ.

Ẹ̀yin ará, mo jókòó síta. Mò ń gbọ́ ohùn gbogbo yín. Nígbà tó yá, mo gbọ́ Baba Olùṣọ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Olúwa, níbikíbi tí Ìyá Noélì bá wà lónìí, rántí rẹ̀!” Mo wà níta! Abẹ́ máńgòrò ni mo wà! Gbogbo yín ń pariwo Àmín lé mi lórí bíi pé mo wà ní òkè òkun. Èmi náà pariwo Àmín láti ìta, ewúrẹ́ kan nìkan ló gbọ́. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún. N kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní, Olúwa, bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń gún mi tí wọ́n ń gé mi, ṣé abẹ́ igi yìí ni n ó máa jókòó sí títí n ó fi kú?

Nígbà tí ẹ ń kọrin ọrẹ, Ìyá Ìjọ jáde wá, wọ́n jókòó tì mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí, mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé ó dùn yín?” Mo ní kò dùn púpọ̀. Wọ́n ní, “Abẹ́rẹ́ náà, ṣé ó nípọn?” Mo dáhùn. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n máa ń gé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?” Mo ní wọn kì í gé nǹkan kan, wọ́n ń wádìí ni. Wọ́n tún fẹ́ béèrè òmíràn, ni mo bá yíjú wò wọ́n. Omi ti kún ojú wọn. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi í sí abẹ́ sùtánà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abíyá. Ó tóbi ju tèmi lọ.

Mo ní, “Ìyá Ìjọ! Láti ìgbà wo?” Wọ́n ní kí iṣu tuntun tó jáde. Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ kò sọ?” Wọ́n ní, “Bí wọ́n bá gún mi tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ìta ni n ó wà. Ta ni yóò máa tan àbẹ́là?” Ẹ̀yin ará, gbogbo ẹjọ́ tí mo ti tò sílẹ̀ láti rò fún wọn, n kò rántí ọ̀kan.

Mo tọ Baba Olùṣọ́ lọ lọ́jọ́ kejì. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ara mi ni mo sọ. Wọ́n ní, “Ọgbẹ́ ni ọgbẹ́, Ìyá Noélì. Ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí òfin ń wí. Ta ló lé yín síta?” Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni.

A wá ń retí èsì. Mo pe ọsibítù, wọ́n ní kò tíì dé. Mo tún pè, wọ́n ní kò tíì dé. Ìrépé òwú! Èmi máa ń rán odindi sùtánà kí wọ́n tó wo ìrépé òwú! Báńdéèjì ti bọ́, ibẹ̀ ti dúdú, ó ti pọ́n, ó ti mọ́, Cotonou ṣì ń wò ó. Nígbà tí wọ́n pè mí, Baba Noélì ló dì mí mú lẹ́yìn alùpùpù títí dé Savalou. Dókítà ní, “Màmá, kì í ṣe jẹjẹrẹ.” Mo ní, “Ṣé ẹ mọ̀ báyìí?” Ó ní, “Mo mọ̀ báyìí. Kókó lásán ni. Ẹ máa wá kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò.” Mo kígbe Ògo! nínú kọ̀rídọ̀ náà, gbogbo aláìsàn dìde. Baba Noélì ń sunkún bí ọmọdé. Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run! Kì í ṣe Àmín kékeré yẹn!

N kò tíì parí o. Ìyá Ìjọ ti fún mi láyè, wọ́n ní bí n ó bá jẹ́rìí, kí n jẹ́rìí ní kíkún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo mú wọn lọ sí Savalou. Mo di ọwọ́ wọn mú nígbà tí ẹ̀rọ yẹn ń dún. Wọn kò fò bíi tèmi, orin ni wọ́n ń kọ lábẹ́nu. Tiwọn ṣì wà ní Cotonou, a kò tíì mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde sí aṣọ wọn. Baba Olùṣọ́ ní kí wọ́n wọlé. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bínú sí wọn, mo fà wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ti lé ẹlòmíràn, ojú ń ti àwọn láti wọlé.

Abẹ́ máńgòrò ni wọ́n wà báyìí. Ẹ wò wọ́n lójú fèrèsé. Inú ló ń bí mi yìí! Ọlọ́run tó gbọ́ Àmín mi níta kò bi mí léèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bá mi yọ̀, n kò fẹ́ ijó nínú ilé lónìí. Ẹ dìde. Baba Olùṣọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣíwájú wa. Ẹ ṣílẹ̀kùn yẹn gbayawu.

Ìyá Ìjọ! Ẹ sún díẹ̀ fún wa lórí ẹní yẹn. Gbogbo wa là ń bọ̀.